Ìkòkò Tíì Tí Ìbídùn Ń Wá

"Kékeré ni mo ń wá, má fi ńlá tù mí." Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìlarò, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á kọ háà. Ta ni wọ́n fi ńlá lọ̀ tó ní kékeré lòun ń fẹ́? Ṣebí gbogbo wa là ń gbàdúrà kí Ọlọ́run sọ kékeré wa di ńlá? Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé agọ̀ kan ló sọ ọ́. Irọ́ ni wọ́n ń pa! Mo mọ obìnrin tó sọ ọ́, n kò sì ní jókòó kí wọ́n máa pè é ní agọ̀ lójú mi. Ẹ fetí sílẹ̀.

Ìbídùn lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni. Láníhùn ọkọ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, ọkùnrin tó ń dá nìkan gbé ilẹ̀kùn kọ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Àfi lọ́jọ́ kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọlọ́run yọ ọ́, ẹnu rẹ̀ padà sípò, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kú sára. Òsì nìkan ló kù, òun náà kò sì lágbára.

Tíì ni Láníhùn fẹ́ràn jù láyé, ewé tíì tí wọ́n gbìn sẹ́yìnkùlé, kó gbóná janjan, kó má ní ṣúgà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun á dà á fúnra òun. Kẹ́tù ńlá inú ilé yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, omi gbígbóná sì jó o nítan. Láti ọjọ́ náà ló ti kọ tíì. Nígbà tí Ìbídùn gbé ife sún mọ́ ọn lẹ́nu, ó yíjú sí ògiri.

"Bàbá Gbádébọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu díẹ̀."

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mo dà ni? Fi mí sílẹ̀ jàre."

Láti orí tíì, ó bọ́ sórí oúnjẹ. Ohunkóhun tí kò bá ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé dé ẹnu, kò ní jẹ ẹ́. Ó ń rù lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ba Ìbídùn gidigidi, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn ló fẹ́ pa ọkọ òun mọ́, ìtìjú ni.

Obìnrin náà kò jókòó sunkún. Ó bi ara rẹ̀ pé: ọwọ́ òsì yìí, kí ló lè gbé? Ìgbà náà ló rántí ohun tí oníbàárà rẹ̀ kan fi hàn án rí lórí fóònù: ìkòkò tíì àwọn ará Jàpáànù, kékeré, kò ju ọsàn ńlá lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò sí lẹ́yìn bíi ti kẹ́tù wa. Ẹ̀gbẹ́ ló ti yọ jáde gbọọrọ bí ọwọ́ ṣíbí ọbẹ̀. Asẹ́ wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ewé bọ́ sínú ife. Ṣùgbọ́n tuntun rẹ̀ tó owó ewúrẹ́, oògùn sì ti gbá gbogbo owó ilé lọ.

"Tòkunbọ̀ ni n ó wá," ni Ìbídùn wí. "Bí mọ́tò Jàpáànù bá lè dé ọ̀dọ̀ wa, ìkòkò wọn náà á dé."

Ó pe Gbádébọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó pé kó wá gbé òun lọ sí Ìdí-Ìrókò, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù tòkunbọ̀. Gbádébọ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé fúláàsì ràgàjì kan dání, èyí tí gbogbo àlejò ìkómọ lè mu yó.

"Màámi, ìkòkò ọmọlangidi lẹ fẹ́ gbé fún bàbá mi? Kí ni aráyé á wí? Wọ́n á ní n kò tọ́jú bàbá mi!"

"Ṣé aráyé ló ń rù ni, àbí bàbá ẹ? Wa mọ́tò. Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́."

Wọ́n dé Ìdí-Ìrókò, wọ́n ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Kò sí. Oòrùn mú, ẹsẹ̀ Ìbídùn wú, Gbádébọ̀ ń kùn. Níkẹyìn, wọ́n kan ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Mùsẹ́díkù, tó máa ń ta àwọn abọ́ tí wọ́n ń dì sínú mọ́tò láti òkè òkun. Ẹnu ọ̀gbẹ́ni yìí dùn, ó sì láàánú. Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀ lóríṣiríṣi, Ìbídùn ń mi orí. Ó wá gbé ọba wọn jáde, ńlá, tó ń dán bí dígí.

"Ìyá, ẹ gba eléyìí ní iye tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra kékeré. Mo tún fi abọ́ wọ̀nyí ṣe ènì."

Gbádébọ̀ fò sókè. "Màámi, ẹ gbà á! Ọlọ́run ló ṣe é!"

Ìbídùn káwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ó fi òsì gbé kẹ́tù náà. Òun tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e kalẹ̀.

"O ṣé, ọmọ mi. Kékeré ni mo ń wá, má fi ńlá tù mí."

Yéè! Ọjà dàrú fún ẹ̀rín. Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ òdìkejì pàtẹ́wọ́: "Ẹ wá wo ẹni tó ń sá fún oríire!" Ìtìjú mú Gbádébọ̀, ó lọ jókòó sínú mọ́tò. Ìbídùn ní tirẹ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fa páálí yọ lábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ló ti rí nǹkan dúdú kékeré kan tí ìṣó kún inú rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ìyá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é ṣe àṣìṣe, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Ta ló máa ra irú ẹ̀? Ìṣó ni mo ń kó sí i."

Ìbídùn da ìṣó sílẹ̀, ó fi etí ìró nu inú rẹ̀. Asẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọrí rẹ̀ náà wà nínú páálí. Ìbídùn tí kì í ra ata láìná an, iye tí Mùsẹ́díkù pè ló san.

Lọ́jọ́ kejì, ó rẹ ewé tíì sínú ìkòkò náà, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ lápá òsì. Láníhùn wò ó títí. Ó fi ìka tọ ọwọ́ ìkòkò náà.

"Ẹni tó ṣe eléyìí mọṣẹ́," ló wí.

Ó gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Gbádébọ̀ fẹ́ sáré ràn án lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ dì í mú: "Jókòó!" Tíì ṣàn, díẹ̀ dà sílẹ̀, èyí tó pọ̀ wọ inú ife. Láníhùn gbé ife náà fúnra rẹ̀, ó mu ún, ó tún da ìyókù, ó mu ún tán. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìbídùn," ló wí, "ebi ń pa mí."

Ìbídùn sáré wọ ilé ìdáná. Gbádébọ̀ dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé fúláàsì rẹ̀ padà sínú mọ́tò.

Ṣé ẹ ti wá gbọ́? Bí ẹnìkan bá ń fi ohun tí ẹ kò bèèrè ṣe yín lóore, tó tún ń bínú pé ẹ kò gbà á, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn sọ fún un bí obìnrin náà ti sọ níwájú gbogbo ọjà: kékeré ni mo ń wá, má fi ńlá tù mí.