Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Agogo

“Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn agogo kì í gba máàkì.” Bí ẹ bá gbé ìlú Òkè-Ìmọ̀dẹ fún ọjọ́ méje péré, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí, ẹ ó sì gbọ́ ọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ìyá tí ilẹ̀ bàbá wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀ wá? Àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa rò pé òwe àtayébáyé ni. Ọ̀kan tilẹ̀ ń bá mi jiyàn lóṣù tó kọjá pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wí. Òwe náà kò tíì pé ogójì ọdún, mo sì mọ bí wọ́n ṣe bí i, nítorí mo wà lára àwọn tó jẹ̀bi rẹ̀.

Ìyáàfin Ọmọ́sẹ̀bí, olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Òkè-Ìmọ̀dẹ, ló dá ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí owó nígbà náà. Bí ìdíje ìpínlẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òbí kan á mú iṣu wá, òmíràn á mú epo wá, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan á sì gbé àwọn ọmọ lọ sí olú-ìlú, tí wọ́n á jókòó sórí àpò kòkó. Ìyáàfin á fi owó oṣù ara rẹ̀ dí èyí tó bá kù. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi lọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì pa ọdún kan jẹ.

Nígbà tó yá, àwa tí a ti jáde níbẹ̀ rí jẹ díẹ̀, a ní a fẹ́ ran ilé-ìwé wa lọ́wọ́. A dáwó jọ, owó náà sì tó. Ẹ mọ bí a ti rí: ibi tí owó bá ti gúnlẹ̀, ìgbìmọ̀ kò ní pẹ́ dé. A yan ènìyàn méje. Olóyè Ṣówándé tó ń ṣòwò kòkó di alága, èmi sì di akọ̀wé. A kọ ìwé òfin olójú-ewé méjìlélógún. Ọ̀kan nínú òfin náà ni pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde nínú ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé alága fọwọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni mo kọ òmíràn, pé bí ọ̀rọ̀ bá lójú méjì nínú ìgbìmọ̀, àríyànjiyàn ni a ó fi parí rẹ̀: ẹni méjì á sọ̀rọ̀, a ó lu agogo, a ó sì dìbò. Inú wa dùn sí òfin yìí jọjọ. A ní àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń jà, àwa ń jiyàn bí ọmọlúàbí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Mosúnmọ́lá ló ń ṣáájú àwọn ọmọ náà. Ọmọ agẹgẹdú kan ní ìsàlẹ̀ odò ni, ó sì wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìdíje ọdún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ni yóò san owó yunifásítì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un: kò sí owó mọ́ lẹ́yìn kíláàsì yìí, àbúrò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdíje yẹn nìkan ni ọ̀nà tó kù fún un.

Ọjọ́rúọjọ́rú ni mo máa ń lọ kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan Mosúnmọ́lá ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ni mo bá lu agogo pé àkókò rẹ̀ ti pé. Kò dúró.

“Dákẹ́,” mo ní. “Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn agogo kì í gba máàkì.”

“Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mò ń sọ, sà.”

“Òótọ́ tó pẹ́ dé ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, agogo kò bá ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù ìdíje dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kí ó tó dé ọ́fíìsì wọn ní olú-ìlú. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún olórí tó ni ẹgbẹ́ láti fọwọ́ sí. Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì, ọ̀gá ilé-ìwé, ti mú kálàmù, ni Olóyè ránṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, pé àwa tí a ń náwó ni a ni ẹgbẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì dáhùn pé ẹni tó ra aṣọ fún ọmọ kò tíì di bàbá ọmọ. Ọ̀rọ̀ di fà-á-kí-n-fà-á. Ọjọ́ mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù fi wà lórí tábìlì, kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i.

A wá pe ìpàdé sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì gan-an. Ọkọ̀ ti wà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Mosúnmọ́lá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, ó ti lọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ìyáàfin Ọmọ́sẹ̀bí wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú Olóyè àti Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì.

“Ẹ̀yin bàbá mi, mo bẹ̀ yín,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fọwọ́ sí i lórí ìlà kan náà, kí a máa lọ. Wákàtí kan ààbọ̀ ni ọ̀nà yẹn.”

Àwọn kan ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Olóyè pàápàá ti na ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Títí di òní, bí mo bá rántí pé mo dìde, ó máa ń dùn mí dé ọkàn. Mo ní, “Alága, òfin wa wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá lójú méjì, àríyànjiyàn la fi ń parí rẹ̀.” Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ọ̀gbẹ́ni Fálúyì sọ̀rọ̀ fún ilé-ìwé, èmi sọ̀rọ̀ fún ìgbìmọ̀. N kò ní purọ́ fún yín, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. A dìbò, ó di mẹ́ta sí mẹ́ta. Ẹnì kan bá béèrè bóyá alága lè dìbò lórí ọ̀rọ̀ tó kan òun fúnra rẹ̀. Ìyẹn náà lójú méjì, a sì jiyàn lórí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá lu agogo ni ọmọ tó wà níta ń gbọ́ ọ. Níkẹyìn a borí. Olóyè fọwọ́ sí ìwé náà gàdàgbà, èmi sì wá gbójú sókè wo aago ara ògiri. Aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Awakọ̀ sáré, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dín. Aago kan ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé ọ́fíìsì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù kò sọ̀rọ̀ líle sí wọn. Ó ní wọ́n ti pa ìwé orúkọ dé, wọ́n sì ti gbé e lọ. Ìyáàfin tún kúnlẹ̀, níwájú ọmọ tó lè bí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé e dìde, ó ní kí wọ́n má bínú.

N kò sùn dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú mo kọ ìwé ẹ̀hónú olójú-ewé mẹ́fà sí àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà, mo sì mú un lọ sí ilé agẹgẹdú. Mosúnmọ́lá ń sá aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ sórí okùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi.

“Ó dára gan-an, sà. Ẹ ṣeun.”

“Lọ́la ni a ó fi ránṣẹ́.”

“Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn agogo kì í gba máàkì, sà,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

Kò sí àfojúdi nínú ohùn rẹ̀. Ì bá sàn fún mi kí ó wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń pọ́n ayùn ní ẹ̀bá ògiri, ó sì gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì ó sọ ọ́ fún àwọn agẹgẹdú ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó, ẹnu wọn ni ìlú ti gbà á.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Mosúnmọ́lá bọ́ sídìí òwò pákó. Ó rí ṣe níbẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń gbọ́ ohùn yẹn, ohùn tí ì bá dúró níwájú adájọ́, tó ń bá àwọn káfíńtà ná iye owó pákó.

Òwe náà nìyẹn o. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó ń fi ẹ̀rí hàn pé òun ló jàre, nígbà tí ohun tó torí rẹ̀ ń jà ti kọjá lọ. Wọ́n sì máa ń fi kìlọ̀ fún àwọn tó ń du ipò lórí iṣẹ́ tí àkókò rẹ̀ ń lọ. Bí ọmọdé bá pa á níṣojú mi, á tọrọ gáfárà bó ti yẹ, á ní, “Tótó, ó ṣe bí òwe.” Èsì tí àgbà ń fọ̀ ni pé, “Wàá rí òmíràn pa.” Mo máa ń dákẹ́ ni. N kò fẹ́ kí wọ́n rí irú rẹ̀ pa mọ́.