Baálẹ̀ Etídò Wọ Ilé Tí A Kò Tíì Kọ́

Baálẹ̀ kan wà ní abúlé Etídò tó ń jẹ́ Àkànjí. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n olóríkunkun pọ́nńbélé ni pẹ̀lú. Lọ́dọọdún ni odò ń kún bo abúlé náà. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ilé méjì lọ, díẹ̀ ló sì kù kó gbé ìyá arúgbó kan mọ́ ọn. Síbẹ̀, bí ìjọba bá ti ní kí wọ́n kó lọ sórí òkè, ohun tí Baálẹ̀ máa ń sọ ni pé, "Ta ló mọ ibẹ̀?" Bí kò bá sì gbà, kò sẹ́ni tí yóò gbé ìkòkò kan kúrò nílẹ̀ ní Etídò.

Ìbídùn, ọmọbìnrin kan tó ń yàwòrán ilé, ni wọ́n ní kó ṣètò bí ilé tuntun náà yóò ṣe rí. Ó mú àwòrán lọ bá Baálẹ̀ títí ó fi sú u. Baálẹ̀ á dojú ìwé náà délẹ̀, á ní èèyàn kì í sùn sínú bébà. Ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti ń lọ sópin. Ẹ̀rù òjò tó ń bọ̀ kò jẹ́ kí Ìbídùn lè sùn dáadáa.

Nígbà tí àwọn akọ́lé ṣe ìpàtẹ ńlá wọn ní Abẹ́òkúta, Ìbídùn gba àtíbàbà kan níbẹ̀, ó sì bẹ Baálẹ̀ kó wá. Baálẹ̀ mú Ìyá Wúrà, ìyàwó rẹ̀, dání. Wọn kò bá nǹkan kan nínú àtíbàbà náà ju kápẹ́ẹ̀tì, àga mélòó kan, àti awò dúdú méjì tó tóbi débi pé ó ń bo ìdajì ojú.

"Bàbá," ni Ìbídùn wí lórí ìkúnlẹ̀, "ẹni tó bá wọ awò yìí á rí ilé náà bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ọ tán. Ẹ lè máa rìn kiri nínú rẹ̀."

"Idán ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀rọ ni."

Baálẹ̀ wọ awò. Ó na ọwọ́ síwájú, ó tẹ orí ba kí fìlà rẹ̀ má baà gbá àtẹ́rígbà tí ẹlòmíràn kò rí. Àwọn èrò ti pé lé e lórí. Ó wúkọ́, ó sì ké tòò: "Ẹ kú ilé o!"

Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún un ké. Ni àwọn èrò bá bú sẹ́rìn-ín, akọ́lé kan tó wọ kóòtù sì ní, "Bàbá, àwòrán ni o! Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Baálẹ̀ yọ awò náà, ojú rẹ̀ ti fà ro. "Ilé yìí dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ilé tí ikú ti tú nìkan ni mo mọ̀ tó ń rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kó àwọn èèyàn mi lọ síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbídùn wọra. Ó ti wọn ògiri, ó ti wọn fèrèsé, kò rántí pé èèyàn kì í wọlé lọ́dọ̀ wa láìkí ará ilé. Omi ti ń dà lójú rẹ̀ nígbà tó rí Ìyá Wúrà tó jókòó, tó ń fẹ́ra. Awò kejì wà lórí tábìlì, wọ́n sì ṣe méjèèjì kí àwọn tó bá wọ̀ wọ́n lè jọ rí ara wọn nínú ilé kan náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ èyí, kí ẹ jókòó sínú ilé yẹn, kí ẹ máa retí ọkọ yín."

"Kí ni mo tún ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó?" ni Ìyá Wúrà fèsì. Ó gba awò, ó fi sójú.

Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi mú Baálẹ̀ kó tó tún wọ tirẹ̀. "Ẹ kú ilé o," ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Wúrà! Ẹ dákun, ẹ bọ́ bàtà yín síta o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni."

Baálẹ̀ tí ìjọba kò rí yí lọ́kàn padà ló rọra bẹ̀rẹ̀, tó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tí kò sí níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Àbẹ̀kẹ́," ó fi oríkì pe ìyàwó rẹ̀, "wá sídìí fèrèsé yìí. Mò ń wo odò lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì lè rí wa mú."

"Mo rí i. Ibo ni wọ́n ní ilé ìdáná wà ná?"

Báyìí ni tọkọtaya náà ṣe ń rìn kiri lórí kápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń jiyàn nípa ibi tí àmù omi yóò wà. Inú Ìbídùn dùn débi pé kò mọ̀ pé òun ṣì ń sunkún. Kí ìpàtẹ tó parí, Baálẹ̀ ti ránṣẹ́ sí Etídò, àwọn ará abúlé sì wá ń wọ awò, wọ́n ń kí ara wọn káàbọ̀ sílé tuntun ní méjì méjì. Nígbà tí odò yóò fi tún kún, wọ́n ti kó lọ sórí òkè, abúlé òfìfo ló bá.

Àwọn akọ́lé tó fi Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ wọn kó tó dé ẹnu àwa yòókù, tó wá di òwe pé: Ilé tí a kí tí kò dáni lóhùn, a kò tíì kọ́ ọ tán.