Oparun Tí Ìbírónkẹ́ Gé fún Bàbá Rẹ̀

"Ọjọ́ tí a gé oparun ni ewé rẹ̀ í tẹ́jú." Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà ìlú Ìlọ́fẹ́, àmọ́ ta ló mọ ìdí rẹ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń pa á? Ọ̀rọ̀ baba àti ọmọ ni.

Ìbírónkẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Adékàmbí bí. Baba fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Jàpáànì ló gbà lọ, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to òdòdó sínú oparun tútù. Inú bí baba. Ó ní òun kò bí ọmọ kó máa lọ já koríko kiri. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀, títí àìsàn fi dá baba dùbúlẹ̀, tí ọmọ sì padà wálé.

Ní òwúrọ̀ kan, baba pè é sẹ́bàá ibùsùn. Oríkì rẹ̀ ló fi pè é, èyí tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọjọ́ tó ti lọ.

"Àjọkẹ́, ohun tí o torí ẹ̀ fi mí sílẹ̀, ṣe é kí n rí i."

Ìbírónkẹ́ kò dúró gbọ́ èkejì. Ó gba etí odò lọ, ó gé oparun tó tutù yọ̀yọ̀, tí ewé rẹ̀ tẹ́jú dáadáa. Abẹ́ oríkèé ló ti gé e, kó lè gba omi dúró bí ife. Ó já òdòdó lílì funfun mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ máa tò ó, ó rí i pé lílì náà kò tíì là. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Kò fẹ́ kí baba rí àbùkù kankan nínú iṣẹ́ òun. Ó bá kó gbogbo rẹ̀ sí ibòji.

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí òdòdó yìí là ná. Ẹ ó rí i lọ́la."

Baba wò ó títí. Ó ní èyí tó wà yẹn náà tó òun, ó sì kọjú sí ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lílì ti là, ó funfun bí òwú. Àmọ́ gbogbo ewé oparun ti ká jọ, wọ́n rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ìbírónkẹ́ sáré padà sétí odò láti gé òmíràn. Bó ṣe ń gbé oparun tuntun bọ̀, kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé nígbà tó gbọ́ ẹkún àbúrò baba rẹ̀.

Ìbírónkẹ́ kò sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá òkú baba rẹ̀, ó sì to òdòdó náà láìkánjú. Àwọn tó wá kí wọn ní àwọn kò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí a ṣe é fún kò rí i. Nígbà tí ìyàwó ilé kan bi í pé kí ló dé tí kò ṣe é lánàá, ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí ló fi dá a lóhùn.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ní oore lọ́wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ àforíjì lẹ́nu, tó wá ń dúró de ọjọ́ tó máa dára jù, wọn a ní, "Ọjọ́ tí a gé oparun ni ewé rẹ̀ í tẹ́jú." Ẹni tí ọjọ́ tirẹ̀ ti kọjá, wọn kì í pa á fún un. Òun náà ti mọ̀ ọ́n.