Ẹnu-Ọ̀nà Asáríèlì

Ìbẹ̀rù ti wọ gbogbo ilé ní Òkè-Ìsinmi, ìletò kékeré tí àwọn Júù tẹ̀ dó sí òkè Odò Ọya. Bàwúrò akónilẹ́rú ti sọ àwọn ìletò tó yí wọn ká di ahoro, èéfín rẹ̀ sì ń súnmọ́ tòsí. Ọkùnrin mẹ́wàá péré ni ó kù níbẹ̀, àwọn Júù kì í sì í gba àdúrà ìjọ bí ọkùnrin kò bá pé mẹ́wàá.

Késíà, ìyàwó Asáríèlì, ni ó kọ́kọ́ fura. Oníyọ̀ kan wá jókòó síta ilé àdúrà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí wọ́n ń kọrin kí Ọjọ́ Ìsinmi káàbọ̀. Kò ta iyọ̀. Ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni ó ń wò, ó sì dìde lọ kí orin tó parí. Késíà lọ sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé amí Bàwúrò ni: wọn yóò wá ká wọn mọ́ ibi àdúrà ní Ẹtì tó ń bọ̀, nígbà tí Júù kì í gbé ohun ìjà.

Asáríèlì gìrìpá, abàyà gbàràmù, ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí ilé ń pa rọ́rọ́, pe ìjọ jọ. Ó ní kí àwọn obìnrin kó ọmọ odó wọn sí abẹ́ ẹní ilé àdúrà kí oòrùn Ẹtì tó wọ̀, tí Ọjọ́ Ìsinmi fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ru ẹrù lọ́jọ́ mímọ́. Baba Hágáì, àgbà ìjọ, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní orí àdúrà ni àwọn baba wọn kú sí, wọn kò na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ìsinmi.

“Baba, mo gbọ́,” ni Asáríèlì wí. “Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ní ká sinmi kò ní ká kú. Bí wọ́n bá kó wa tán, ta ni yóò tún pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ lórí ilẹ̀ yìí?”

Baba Hágáì dìde. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ọmọ odó ìyàwó òun náà wá.

Nígbà tí Ẹtì pé, Késíà tan fìtílà. Orin bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé níbi tí àwọn obìnrin wà, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú koríko gbígbẹ. Ó fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí orin dé ibi tó yẹ. Ohun tí oníyọ̀ kò dúró rí nìyí: ní ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, gbogbo ìjọ a máa yí padà sí ẹnu-ọ̀nà, wọn a sì tẹríba fún Ọjọ́ Ìsinmi bí ẹni ń pàdé ìyàwó tuntun. Bàwúrò rò pé ẹ̀yìn ni òun yóò bá. Ojú ni ó bá, àti ọmọ odó tí wọ́n fà yọ lábẹ́ ẹní. Asáríèlì ni ó súnmọ́ ilẹ̀kùn jù, òun ni ó fi àyà dí ọ̀nà mọ́ wọn. Bàwúrò ṣubú síbẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ ti wọ ìhà Asáríèlì.

Wọn kì í sin òkú lọ́jọ́ ìsinmi, wọn kì í sì í pa fìtílà tí wọ́n ti tàn. Késíà jókòó ti ọkọ rẹ̀ títí iná fi kú fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ mímọ́ kọjá, wọ́n sin ín, Késíà sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àdúrà òkú fún un. Àwọn ọkùnrin tò síwájú ibojì. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ẹni kẹwàá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Baba Hágáì sunkún. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ilé àdúrà gbọin-gbọin.

“Ẹ ṣí i sílẹ̀, Baba,” ni Késíà wí. “Ibẹ̀ ni ọ̀tá gbà wọlé. Ibẹ̀ náà ni ẹni kẹwàá yóò gbà wọlé.”

Òjò ti rọ̀ lé ibojì Asáríèlì kí Júù arìnrìn-àjò kan tó yà sí ilé àdúrà ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì kan, ẹrẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀. Kò tíì béèrè omi tí Késíà fi di aṣọ rẹ̀ mú, ó ní, “Ẹ dákun, ẹ bá wa dúró ṣe ẹni kẹwàá.”

Títí di òní, wọn kì í ti ilẹ̀kùn ilé àdúrà Òkè-Ìsinmi ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Ìjọ a yí padà ní ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, wọn a tẹríba fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, ọmọ odó kan a sì wà lábẹ́ ẹní.