Ìdí tí Ẹ̀kúyá Kì Í Fi Rí Òjò Ọdún Kejì

Nígbà láéláé, nígbà tí ewéko ṣì ń fọhùn, Ẹ̀kúyá, ẹ̀fọ́ kíkorò nì, kì í kú lọ́dọọdún. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn bíi ti ìrókò. Ẹ̀yìn ilé ìdáná kan ni òun àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo ará ilé.

Lọ́jọ́ kan, ìyá onílé ń tu èpò ní ẹ̀yìnkùlé. Oorun ọ̀sán ti gbé Ẹ̀kúyá lọ. Nígbà tó jí, ihò lásán ló rí níbi tí Àwẹ̀ró wà, Adìyẹ sì ń jẹ̀ létí ibẹ̀.

"Adìyẹ, ìyàwó mi dà?"

"Wọ́n ti fà á tu. Ààtàn ni wọ́n dà á sí. Ẹ̀yin náà, ẹ kúkú sùn bí òkúta!"

Ẹ̀kúyá fẹ́ lọ. Gbòǹgbò kò jẹ́.

"Ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀."

"Ẹni tí mo bá tú sílẹ̀, òjò ọdún kan ṣoṣo ló kù fún un," ni Ilẹ̀ wí. "Jókòó, ọmọ mi. Ìyàwó mìíràn á hù."

"Mi ò bèèrè ìyàwó mìíràn."

Ilẹ̀ mí kanlẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀.

Ẹ̀kúyá kó àwọn ọmọ tí Àwẹ̀ró bí fún un sínú èso rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gba ààtàn lọ. Wọ́n ti kó ìdọ̀tí ibẹ̀ lọ sóko. Ó dé oko, wọ́n ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́ inú ebè. Ó pe Àwẹ̀ró ní ebè kìíní, kò dúró gbọ́ èsì, ó ti dé ìkejì. Ó bọ́ sí etí ọ̀nà. Ó tún padà sí ẹ̀yìnkùlé.

"Baba arìnkiri, ẹ sinmi díẹ̀!" ni Adìyẹ ń kígbe.

"Bí mo bá sinmi, ta ni yóò wá a?"

Òjò dá. Ewé rẹ̀ pọ́n. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ.

"Baba, ọ̀nà wo ni ká gbà?" ni àwọn ọmọ bi í.

"Ọ̀nà kan kò tó. Ẹ gba gbogbo rẹ̀."

Èso là, pá! Àwọn ọmọ fọ́n ká.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kúyá kò ti rí òjò ọdún kejì mọ́. A kì í gbìn ín kó tó hù: lónìí ẹ̀yìnkùlé, lọ́la ààtàn, lọ́túnla etí ọ̀nà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, èso rẹ̀ á là, á tú ọmọ ká.

Wọn kò tíì rí ìyá wọn.