Kúbùsù Orí Àgò

Ìyá Àkànmú télọ̀ kò fi oko sílẹ̀ kó tó kú, odídẹrẹ́ kan ló fi sílẹ̀ nínú àgò, ohùn ìyá náà gan-an ni ẹyẹ ọ̀hún sì fi ń sọ̀rọ̀. Kí àkùkọ tó kọ, yóò ti figbe bọnu:

"Àkànmú! O ò tíì jí? Ilẹ̀ mọ́ bá ọ̀lẹ lórí ẹní!"

Gbogbo àdúgbò ń fi Àkànmú rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì sú u.

Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ní, "Baba Dékúnlé, ẹ jẹ́ ká máa fi ìborùn mi bo àgò lálẹ́, ká ṣí ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, á pẹ́ kó tó jí."

"Ìborùn kẹ̀?" Àkànmú fa kúbùsù ọyẹ́ yọ, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi bo àgò, ó sì fokùn dì í pinpin.

"Ẹ rọra o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Àkànmú lọ dùbúlẹ̀. Ó sùn títí oòrùn fi yọ. Nígbà tí Ìbídùnní tú okùn náà, ẹyẹ ti ṣubú, ó la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n wọ́n omi sí i lára, wọ́n fẹ́ ẹ títí ó fi dìde.

Ẹyẹ ń jẹun, ó ń mumi, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Àkànmú ló wá ń jí kí àkùkọ tó kọ báyìí. Yóò jókòó ti àgò, yóò sì máa bẹ ẹyẹ náà: "Sọ ọ́ o. Àkànmú, o ò tíì jí?"

Ẹyẹ á kàn máa wò ó.