Ìdí tí Fóòmù Ìkunjú Fi Ń Mu Omi Kó Tó Ṣiṣẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun ọ̀ṣọ́ ṣì ń fọhùn, ọ̀rẹ́ méjì kan wà nínú apẹ̀rẹ̀ Àwẹ̀ró, obìnrin tó máa ń ṣe ojú ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ ní ìlú Ìgbónlá. Búrọ́ọ̀ṣì onírun gbọọrọ ni ọ̀kan, iṣẹ́ tirẹ̀ ni àtíkè. Fóòmù, tìmùtìmù kékeré tó rọ̀, ni èkejì, òun ló ń fi ìpara ra ojú kí àtíkè tó dé. Wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń jí.

Ní ayé ìgbà náà, Fóòmù kì í mu omi. Omijé ìyàwó ló ń mu. Láàárọ̀ tí ọmọbìnrin bá fẹ́ kúrò nílé bàbá rẹ̀, ẹkún ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ sun. Àwẹ̀ró á jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, á wá fi Fóòmù gba omijé náà. Bí Fóòmù bá ti yó, ara rẹ̀ á rọ̀, á wú, kò sì ní gba ìpara sínú mọ́. Gbogbo ìpara á dúró sójú ìyàwó, níbi tó yẹ kó wà.

Nígbà tó yá, ojú Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn, ìyẹn sì ń lọ sílé ọkọ ní ìlú tó jìn gan-an. Àwẹ̀ró mọ̀ pé òun ò ní lè rí ojú ọmọ náà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ó fi òrí àti osùn po ìpara sínú ìkòkò kékeré kan, ìwọ̀nba ojú ẹnì kan péré, nítorí kò ríran tó láti lọ osùn mìíràn.

“Ìbídùn, má sun ẹkún ìyàwó lónìí,” ni ó wí. “Omijé á ba ojú rẹ jẹ́. Mo fẹ́ rí i bó ṣe dára tó, kí n lè máa rántí.”

“Ìyá mi, ó wù mí kí n sun ún.”

“Gbé e mì, ọmọ mi.”

Ìbídùn gbé ẹkún mì. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tó ti ṣe ojú ìyàwó fún ogún ọdún gbàgbé ohun tí ẹkún wà fún. Ìfẹ́ ló mú un gbàgbé, mi ò lè bá a wí.

Nínú apẹ̀rẹ̀, ọ̀fun Fóòmù gbẹ.

“Ọ̀rẹ́ mi, òǹgbẹ ń gbẹ mí,” ló sọ fún Búrọ́ọ̀ṣì. “Bá mi sọ fún ìyá kí wọ́n fún mi ní omi lásán díẹ̀, bí omijé ò bá sí.”

Búrọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tí ò ń mu omijé ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí, o ò lè mú sùúrù lọ́jọ́ kan? Ṣé ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ìyá wa lo fẹ́ ṣe ọ̀kánjúwà?”

Ojú ti Fóòmù. Kò bèèrè mọ́.

Àwẹ̀ró gbé e ní gbígbẹ, ó tì í bọ inú ìpara. Fóòmù fẹ́ fara dà á, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ò gbé e. Ó mu ún. Àwẹ̀ró fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ìpara hàn díẹ̀. Ó tún tì í bọ ìkòkò, Fóòmù tún mu. Kí wọ́n tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ìkòkò ti gbẹ.

Ẹ̀rù ba Búrọ́ọ̀ṣì. “Ẹ fi mí ṣe é, ìyá,” ló wí. Ó ki irun bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ha ìyókù ìpara, ó sì fi irun tútù náà kan àtíkè. Àtíkè dì mọ́ ọn lára. Gbogbo ibi tó gbà lójú Ìbídùn ló fa ìlà sí, bí ìgbà tí èèyàn fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ tútù.

Àwẹ̀ró fún Fóòmù, ó fún un títí ìka rẹ̀ fi dá ihò sí i lára. Ìpara kò jáde. Àwọn ará ilé ọkọ ti ń pè níta. Ó gbé ojú ọmọ rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Ojú ta nìyí?” ó bèèrè.

“Èmi ni, ìyá mi.”

Omijé Ìbídùn wá bọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Wọ́n mú un lọ. Kò pé oṣù kan tí ojú Àwẹ̀ró fi fọ́ pátápátá. Ojú onílà yẹn, tí kò dá mọ̀, ló kù fún un láti máa rántí.

“Èmi ni mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́ nígbà tí o bèèrè omi,” ni Búrọ́ọ̀ṣì sọ fún Fóòmù. Fóòmù yí ẹ̀yìn sí i.

Láti ọjọ́ náà ni fóòmù ti ń mu omi, tí a sì ń fún un dáadáa, kó tó fẹnu kan ìpara. Láti ọjọ́ náà ni ihò ti wà lára rẹ̀. Kì í ra ojú mọ́, jẹ́jẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Búrọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ kì í fi irun tútù kan àtíkè mọ́. Bí a bá fọ̀ ọ́, ńṣe ló ń dùbúlẹ̀, kì í gbórí sókè títí yóò fi gbẹ. Wọn kì í sì í jọ sùn mọ́.

Ṣùgbọ́n ìpara tí Fóòmù mu lọ́jọ́ náà kò jáde tán nínú rẹ̀ rárá. Bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó, díẹ̀ á kù nínú, á sì máa jẹrà. Ìdí nìyẹn tí búrọ́ọ̀ṣì fi ń dàgbà, tí fóòmù kì í fi í lò ju oṣù díẹ̀ lọ kí a tó sọ ọ́ nù. Ohun tó jẹ́ ti Ìbídùn ló ń pa á.